Níbo ni àwọn tó ń tẹ bọ́tìnì WhatsApp ń gbà sọnù? Àkọsílẹ̀ àtúnṣe lórí ìkànnì aláṣọ òkè kan ní Garki

Iṣẹ́ náà rèé. Alhaja kan ń ta aṣọ òkè àti àdìrẹ ní Garki, níbí ní Àbújá. WordPress ni wọ́n fi kọ́ ìkànnì rẹ̀, ó sì wà ní èdè mẹ́ta: Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá àti Hausa, torí pé láti Minna, Lọ́kọ́ja, Kàdúná títí dé Jos ni àwọn oníbàárà ti ń kọ̀wé sí i. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó lórí ìkànnì náà. Ẹni tó bá rí ẹtù tàbí sányán tó wù ú, bọ́tìnì WhatsApp ló máa tẹ̀. Orí WhatsApp ni wọ́n á ti nájà, tí oníbàárà á ti sọ iye ìró àti gèlè tó fẹ́, kí Alhaja tó ránṣẹ́ sí àwọn ahunṣọ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn.

Alhaja ń sanwó ìpolówó lórí Facebook àti Instagram. Google Analytics ló ń ka àwọn tó wọlé, òun náà ló sì ń ka àwọn tó tẹ bọ́tìnì. Ìjábọ̀ ibẹ̀ ń sọ pé ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ti ń gba Alhaja níyànjú pé kó dá ìpolówó dúró, pé owó rẹ̀ ń ṣòfò. Alhaja ò gbà. Ó pè mí, ó ní, "Ẹnjiníà, àwọn tó ń kọ̀wé sí mi láràárọ̀ ńkọ́? Ibo ni wọ́n ti wá?"

Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára, nítorí pé iye tí kò pé ni wọ́n fẹ́ fi pinnu ohun tí obìnrin yìí máa fi owó rẹ̀ ṣe. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe lọ, kí ẹni tó bá bá irú rẹ̀ pàdé lè mọ ibi tó máa kọ́kọ́ wò.

Ọjọ́ Ajé: ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe Analytics

N kò kọ́kọ́ ṣí Analytics rárá. Bí a bá ń fura sí ẹni tó ń ka nǹkan, a kì í tún bi í léèrè bóyá ó kà á dáadáa. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọbìnrin tó ń bá Alhaja dáhùn WhatsApp ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ, ìlú, irú aṣọ àti iye owó sí. Ìwé yẹn ni mo kọ́kọ́ béèrè. Ohun tó kù ni bí a ṣe máa ya àwọn tó ti orí ìkànnì wá kúrò lára àwọn tó ti ní nọ́ńbà Alhaja lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.

Kò le. Líǹkì WhatsApp máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `https://wa.me/234`, nọ́ńbà á sì tẹ̀ lé e láìsí òdo iwájú, láìsí àmì pulọ́ọ̀sì. Bí a bá fi `?text=` kún ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a kọ síbẹ̀ á ti wà nínú àpótí ìkọ̀wé kí oníbàárà tó dé ibẹ̀; á kàn fi ránṣẹ́ ni. Mo kọ ìkíni kúkúrú síbẹ̀, mo sì fi àmì kan parí rẹ̀: G fún ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì, Y fún ti Yorùbá, H fún ti Hausa. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà náà ń sọ bọ́tìnì tó jẹ́: 1 ni èyí tó wà lábẹ́ àwòrán aṣọ, 2 ni èyí tó ń léfòó ní igun ìsàlẹ̀ ojú fóònù. Mo ní kí ọmọbìnrin náà máa kọ àmì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tó bá kọ̀wé. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n kọ tàwọn tí kò rà nǹkan kan náà?" Mo ní kó kọ gbogbo wọn.

Ìdí tí mo fi gbára lé ìwé yìí ni pé ẹni tó tẹ bọ́tìnì lè dé WhatsApp kó má fi ohunkóhun ránṣẹ́. Ẹlòmíràn á pa ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ fún un rẹ́, á kọ tiẹ̀. Nítorí náà, iye tó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ kéré sí iye tí Analytics kà. Kò gbọ́dọ̀ jù ú lọ láéláé. Bó bá jù ú lọ, àríyànjiyàn ti parí nìyẹn: Analytics ń sọ nǹkan nù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìwé jù ú lọ, ó sì ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn tó ní àmì H kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ojúgbà kankan nínú Analytics.

Bí mo ṣe ń fi ọjọ́ wé ọjọ́, mo rí nǹkan mìíràn. Àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, abẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni Analytics ń kà wọ́n sí. Mo wo ibi tí a ti ń yan àkókò ìlú nínú ètò rẹ̀, mo rí i pé Los Angeles ni wọ́n yàn. Wákàtí mẹ́jọ ni Nàìjíríà fi ṣáájú Los Angeles nígbà tí wọ́n bá ti sún aago wọn síwájú, wákàtí mẹ́sàn-án ni ní ìyókù ọdún. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní Àbújá kí aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, àná ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Mo yí i sí Lagos. Àtúnṣe yìí kò kan ohun tó ti kọjá. Láti ìgbà tí a bá yí i lọ ni. Kò dá ẹyọ títẹ̀ kan padà fún wa, ṣùgbọ́n láìsí i, a ò lè fi ìwé Alhaja wé Analytics lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: ọ̀nà tí títẹ̀ kan ń gbà dé ìjábọ̀

Títẹ̀ bọ́tìnì kan dà bí àrokò tí wọ́n ń fi lé ara wọn lọ́wọ́ láti ìlú kan dé èkejì. Ìka oníbàárà kan bọ́tìnì. Bráúsà gbé ìròyìn náà láti ara bọ́tìnì gòkè lọ dé orí gbogbo ojú ewé. Tag Manager, irinṣẹ́ Google tó ń fetí sílẹ̀ níbẹ̀, gbọ́ ọ, ó sì bi í bóyá ó bá ìlànà tí a fún un mu, ìyẹn ohun tí wọ́n ń pè ní trigger. Bó bá bá a mu, tag, ìyẹn kóòdù tó ń jíṣẹ́, á ṣiṣẹ́, á fi ìròyìn ránṣẹ́ sí sáfà Google. Google á ṣètò rẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa hàn nínú ìjábọ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo láàárín àwọn wọ̀nyí kò bá jíṣẹ́, òfo ni. Òfo yẹn kan náà ló sì máa ń hàn lójú ìjábọ̀, ẹni yòówù kó jẹ́ tí kò jíṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe é mọ̀ láti inú ìjábọ̀ ibi tó ti já.

Irinṣẹ́ tí mo lò kò pọ̀. Preview ti Tag Manager ń fi hàn bóyá trigger ṣiṣẹ́. DebugView nínú Google Analytics ń fi hàn bóyá ìròyìn dé. Láàárín àwọn méjèèjì, mo ṣí Network nínú irinṣẹ́ olùgbékalẹ̀ ti Chrome, mo tẹ Preserve log kí àkọsílẹ̀ má baà pòórá nígbà tí ojú ewé bá yí padà, mo sì kọ `collect` sínú àpótí àṣàyàn. Gbogbo ìròyìn tó bá ń lọ sí Google Analytics á hàn níbẹ̀. Nǹkan méjì ni mo máa ń kà lára rẹ̀: `tid`, tó jẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú G-, àti `en`, orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí èsì rẹ̀ bá jẹ́ 204, sáfà ti gbà á.

Ẹ má ṣe fi ìjábọ̀ ojoojúmọ́ dán nǹkan wò. Ó lè gba wákàtí 24 sí 48 kó tó pé. Realtime ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn hàn, DebugView sì yá jù ú lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kò tilẹ̀ kan bọ́tìnì. Bí ojú ewé kan ṣí, `en=page_view` lọ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú `tid` kan náà. Nọ́ńbà G- wà nínú àpótí kan láàárín ètò theme (èyí tó ń ṣètò ìrísí ìkànnì), ó tún wà nínú Tag Manager. Ó dà bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n ẹ wò ó: iye ìgbà tí ojú ewé ṣí ti di ìlọ́po méjì, iye àwọn tó tẹ bọ́tìnì sì ti dín kù. Ẹni tó bá fi ti àkọ́kọ́ pín ìkejì láti mọ ìwọ̀n àwọn tó tẹ̀ á rí ìkànnì kan tí kò ta nǹkan kan. Ìṣirò yẹn gan-an ni wọ́n gbé síwájú Alhaja tí wọ́n ní kó dá ìpolówó dúró.

Kí n tó yọ èyí tó wà nínú theme, mo pe Alhaja. Mo ní, "Alhaja, bó bá di ọ̀la, ẹ máa rí i pé iye ìgbà tí wọ́n ṣí ìkànnì yín já wálẹ̀ bí ẹni já sí kòtò. Oníbàárà kankan ò lọ o, à ń ka ẹnì kan sí méjì tẹ́lẹ̀ ni." Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ sọ èyí ṣáájú. Bí oníṣòwò bá kọ́kọ́ rí i fúnra rẹ̀, ẹ̀rù á ti bà á kí àlàyé tó dé.

Ọjọ́rú: bọ́tìnì tó ń sọ èdè mẹ́ta

Ibí yìí ni mo ti pẹ́ jù, ibẹ̀ náà ló sì dùn mọ́ mi jù.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà fi ọ̀rọ̀ tó wà lára bọ́tìnì ṣe ìlànà fún trigger: bí Click Text bá jẹ́ "Chat with us", kà á. Kò burú fún ìkànnì elédè kan. Ṣùgbọ́n "Yi mana magana" ló wà lára bọ́tìnì Hausa. Kò sí trigger kankan tó mọ gbólóhùn yẹn. Gbogbo ará Kàdúná àti Minna tó ti ojú ewé Hausa wọlé, tí wọ́n tẹ bọ́tìnì, tí wọ́n bá Alhaja sọ̀rọ̀, tí wọ́n sanwó, Analytics kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Ibi tí àmì H lọ nìyẹn.

Ti Yorùbá yàtọ̀. Ẹni náà ti rántí ojú ewé Yorùbá, ó ti ṣe trigger kejì fún un: bí Click Text bá jẹ́ "Ẹ bá wa sọ̀rọ̀", kà á. Mo wo trigger, mo wo bọ́tìnì, ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmì kan náà lórí àti nísàlẹ̀. Síbẹ̀, nínú Preview, trigger kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Àlàfo kankan kò sí níwájú tàbí lẹ́yìn gbólóhùn náà. Lẹ́tà ńlá àti kékeré bá ara wọn mu.

Mo ṣí Console, mo ní kí kọ̀ǹpútà ka gígùn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà nínú trigger jẹ́ 14. Èyí tó wà lára bọ́tìnì jẹ́ 18.

Ohun tó fà á nìyí. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀nà tí a lè gbà kọ lẹ́tà wa kan ju ẹyọ kan lọ. Ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ lè jẹ́ ẹyọ kan, U+1ECD. Ó sì lè jẹ́ méjì: o lásán, tí àmì ìsàlẹ̀ U+0323 tẹ̀ lé. Bí a bá wá gbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e, U+0300 á tún wọlé, torí pé kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú Unicode tó gbé ọ̀ pọ̀ lódindi. Nítorí náà ọ̀ kan lè jẹ́ ẹyọ méjì, ọ̀ mìíràn á jẹ́ ẹyọ mẹ́ta, tí ojú ènìyàn ò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan. Á náà lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ. Pátákó ìtẹ̀wé (keyboard) kan ń kọ ọ́ ní ìsopọ̀, òmíràn ń kọ ọ́ ní ìtúká. Tag Manager kì í wojú. Ẹyọ ló ń kà. Mẹ́rìnlá kì í ṣe méjìdínlógún.

Mo ronú lórí rẹ̀ gan-an nítorí kò mọ sórí ìkànnì Alhaja. Gbogbo ibi tí a bá ti kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀, tí ètò kan sì ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, bíi àpótí ìwákiri, orúkọ ọjà, tàbí àtòjọ oníbàárà, ibẹ̀ ni èyí lè fara pamọ́ sí. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé kí a yọ àmì kúrò torí pé "ó ń dà á rú". N kò fara mọ́ ọn. Kóòdù `normalize('NFC')` nínú JavaScript máa ń sọ àwọn ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan náà, kóòdù kékeré ni, ó sì sàn ju kí èdè máa bọ́ra nítorí kọ̀ǹpútà. Ojú ewé Yorùbá Alhaja ní àmì tó pé, kò sì sí ọ̀kan tí mo yọ.

Fún bọ́tìnì ní tirẹ̀, mo yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú ìlànà pátápátá. Ọ̀rọ̀ ara bọ́tìnì, ti oníbàárà ni. Lọ́la Alhaja lè ní kí wọ́n yí i padà. Chrome fúnra rẹ̀ lè túmọ̀ ojú ewé fún ẹni tó ń kà á, tí gbólóhùn á sì di òmíràn. Mo fún bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní `data-wa`, mo sì kọ àmì tí a ti ń lò nínú ìwé síbẹ̀: `data-wa="Y1"`, `data-wa="H2"` àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà náà, orúkọ kan náà ni ìwé ṣọ́ọ̀bù àti Analytics ń pe bọ́tìnì kan.

Ọjọ́bọ̀: àwòrán inú bọ́tìnì, àti èyí tó ń léfòó

Bọ́tìnì 1 ní àwòrán WhatsApp kékeré níwájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí mo bá tẹ ọ̀rọ̀, Preview ń rí bọ́tìnì. Bí mo bá tẹ àwòrán, Preview ń sọ pé `svg` (àwòrán náà) ni mo tẹ̀, kò sì mọ̀ pé inú bọ́tìnì ni svg náà wà. Bí trigger ti Click - All Elements ṣe ń ṣe nìyẹn: ohun tó wà nísàlẹ̀ ìka gan-an ló ń mú, kì í mú èyí tó yí i ká. Lórí fóònù, àwòrán yẹn ni ọ̀pọ̀ ìka máa ń bá. Click - Just Links máa ń wá líǹkì tó yí i ká fúnra rẹ̀, ìyẹn ì bá sì ti tó, àmọ́ bọ́tìnì 2 kì í ṣe líǹkì. `button` ni, JavaScript ló ń ṣí WhatsApp fún un.

Bọ́tìnì 2 yẹn ní ìṣòro tirẹ̀. Láti inú plug-in kan (ètò àfikún WordPress) ló ti wá, kóòdù rẹ̀ sì ní `stopPropagation()`. Iṣẹ́ gbólóhùn yìí ni láti dá ìròyìn títẹ̀ dúró kó má gòkè kúrò lára bọ́tìnì. Tag Manager wà lókè, ó ń retí, kò sì sí ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

N kò fẹ́ fọwọ́ kan kóòdù plug-in, torí pé nígbà tí wọ́n bá ṣe àtúnṣe tuntun sí i, ohun tí mo bá kọ síbẹ̀ á parẹ́. Kí ìròyìn tó gòkè láti ara bọ́tìnì, ó kọ́kọ́ máa ń sọ̀kalẹ̀ láti orí ojú ewé wá bá bọ́tìnì náà. Ẹni tó bá dúró sí ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ á rí i kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró. Kóòdù kan ṣoṣo tó wà nísàlẹ̀ yìí ló gba iṣẹ́ gbogbo trigger àtijọ́:

```
document.addEventListener('click', function (e) {
  var b = e.target.closest && e.target.closest('[data-wa]');
  if (!b) return;
  window.dataLayer = window.dataLayer || [];
  window.dataLayer.push({
    event: 'whatsapp_click',
    wa_button: b.getAttribute('data-wa')
  });
}, true);
```

`true` tó wà nípẹ̀kun ló gbé e sí ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀. `closest` ló ń gòkè láti ara svg lọ wá bọ́tìnì tó yí i ká. Nínú Tag Manager, mo ṣe trigger Custom Event kan fún `whatsapp_click`, mo sì ní kí tag gbé `wa_button` dání. Nínú Google Analytics, mo forúkọ `wa_button` sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi custom dimension, ìyẹn ẹ̀ka ìròyìn tí a fúnra wa yàn. Ẹ má gbàgbé èyí: láìforúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìròyìn á máa dé ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí àmì náà nínú ìjábọ̀, ìforúkọsílẹ̀ náà kò sì kan ohun tó ti kọjá.

Google Analytics ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń ka líǹkì tó jáde kúrò lórí ìkànnì fúnra rẹ̀, tó sì ń pè é ní `click`. Wọ́n ti pa á tẹ́lẹ̀, bóyá kí kíkà má baà di méjì. Mo tan án padà, ó sì wúlò: orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí `whatsapp_click`, nítorí náà wọn kò ní dàpọ̀, mo sì lè fi ọ̀kan yẹ èkejì wò lórí bọ́tìnì 1. Kò lè rí bọ́tìnì 2, kò sì ń ka líǹkì `tel:`, èyí tó ń pe nọ́ńbà fóònù.

Ọjọ́ Ẹtì: ó ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, kò ṣiṣẹ́ lórí fóònù

Lórí láptọ́ọ̀pù, gbogbo rẹ̀ ti péye. Ṣùgbọ́n orí fóònù ni àwọn oníbàárà Alhaja wà, nítorí náà mo so fóònù Android mọ́ láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú wáyà USB, mo tan USB debugging, mo ṣí `chrome://inspect`, mo sì ń wo Network fóònù náà lójú láptọ́ọ̀pù. Mo ṣí ìkànnì. Ojú ewé hàn, aṣọ hàn, bọ́tìnì hàn. Ìròyìn kankan kò lọ sí Google, àní `page_view` pàápàá. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo dúró. Kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí mo fi ìka kan ojú fóònù ni `gtm.js`, fáìlì Tag Manager, tó bẹ̀rẹ̀ sí wọlé.

Plug-in tó ń mú kí ojú ewé tètè ṣí ló wà nídìí rẹ̀. Ó ní ètò kan tó ń dá JavaScript dúró títí di ìgbà tí ẹni tó ń wo ojú ewé bá kọ́kọ́ ṣe nǹkan: kó fọwọ́ kàn án, kó yí i lọ sókè sódò, tàbí kó gbé atọ́ka máòsì. Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹni tó fẹ́ tẹ bọ́tìnì gbọ́dọ̀ gbé máòsì débẹ̀, nítorí náà Tag Manager á ti jí kó tó tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìdánwò orí láptọ́ọ̀pù fi ń yege. Lórí fóònù, bọ́tìnì 2 wà lójú látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti rí aṣọ nínú ìpolówó Instagram, tó ti mọ ohun tó fẹ́, ìfọwọ́kàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ni títẹ̀ bọ́tìnì. WhatsApp á ṣí nígbà tí Tag Manager ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn tó múra tán jù lọ láti rà ni kò sí nínú ìṣirò.

Ó sì tún ṣàlàyé nǹkan tó ń dààmú Alhaja tipẹ́: ìdí tí iye tí wọ́n ń kà sí i lórí ìpolówó fi ju iye tó wọlé lọ ní Analytics. Apá kan rẹ̀ kò lè tán. Link clicks nínú ìjábọ̀ Meta (ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram) ń ka ìka tó tẹ ìpolówó, bóyá ojú ewé ṣí tàbí kò ṣí. Landing page views ló súnmọ́ iye tí Analytics yẹ kó rí. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò dára ní ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja á ti jáde kí ojú ewé tó pé. Ṣùgbọ́n apá kejì jẹ́ ti plug-in yìí, ìyẹn sì ṣe é tún ṣe.

N kò pa ètò náà. Dátà wọ́n, ìkànnì tó wúwo sì ń lé oníbàárà, ọ̀rọ̀ tí mo gbà gbọ́ gidigidi ni. Mo kàn yọ nǹkan méjì kúrò lábẹ́ rẹ̀ ni: `gtm.js`, àti kóòdù kékeré tí mo kọ ní Ọjọ́bọ̀. `dataLayer` jẹ́ ìlà tí ìròyìn ń tò sí. Ohun tí a bá fi síbẹ̀ kí Tag Manager tó dé, ó máa bá a níbẹ̀, ó sì máa ṣiṣẹ́ lé e lórí. Kódà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fà, tí `gtm.js` pẹ́, títẹ̀ náà ti wà lórí ìlà. Bí ojú ewé bá ṣì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn WhatsApp, á lọ. Mo dán an wò lórí fóònù náà pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo dín kù nínú irinṣẹ́ Chrome. Ó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn

Mo fi sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ títí ìjábọ̀ fi pé, lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti ọmọbìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó ń pe àmì, mo ń wá a nínú Analytics. Iye inú ìwé kéré sí ti Analytics lórí gbogbo bọ́tìnì báyìí, bó ṣe yẹ kó rí. H2 ló ga jù lọ láàárín gbogbo wọn. Alhaja wo ìlà yẹn fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Àwọn tí wọ́n ní kí n má polówó fún mọ́ nìyí." Ìpolówó kò dúró mọ́. Ó ti ní kí wọ́n fi àwòrán aṣọ mìíràn sí ojú ewé Hausa, kí iye owó sì hàn dáadáa níbẹ̀.

Àwọn kan wà tí a ò ní rí. Àwọn tó ń lo Opera Mini ní ipò tó ń fún dátà jọ jù lọ, sáfà Opera ló ń bá wọn pèsè ojú ewé, JavaScript kò sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn tó ń dínà ìpolówó náà ń dínà Google Analytics mọ́ ọn. Àwọn tó sì kọ̀ nígbà tí a béèrè ìyọ̀ǹda wọn, a kì í kà wọ́n, a ò sì ní wá ọ̀nà ẹ̀bùrú láti kà wọ́n. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 wà, ìpinnu wọn sì ni. Ìwé ṣọ́ọ̀bù ń bá wa mọ̀ nípa àwọn tó bá kọ̀wé nínú wọn, nítorí pé àwọn fúnra wọn ló kọ̀wé. Mo ti ní kí ọmọbìnrin náà má dá kíkọ rẹ̀ dúró.

Iye tó ti wà nílẹ̀ kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ kò ṣe é tún ṣe. Mo kọ ọjọ́ tí kóòdù tuntun wọlé sí èèpo iwájú ìwé náà, pé kí ẹnikẹ́ni má fi ohun tó ṣáájú rẹ̀ wé ohun tó tẹ̀ lé e.

Ohun tó kù lọ́wọ́ mi: fífún líǹkì `tel:` ní `data-wa` tirẹ̀, torí pé àwọn àgbà kan ń pe Alhaja dípò kí wọ́n kọ̀wé, àti yíyẹ ètò plug-in yẹn wò nígbàkúùgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ di ẹ̀dà tuntun, bóyá `gtm.js` ṣì wà lára àwọn tí a yọ sílẹ̀.